Ọṣẹ, Ọṣẹ́, Ọ̀sẹ̀

Sátidé, aago mẹ́fà ìdájí, Luton ṣì ń sùn.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, lọ́dọ̀ àwọn arúgbó.
Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà,
mo fi gíláàsì bojú bíi wẹ́dà.
Akínbámi yọjú láti orí àtẹ̀gùn:
"Ṣé kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ mi nìyẹn?"
Mo ní, "Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ọbẹ̀ láti Ọjọ́rú."

Kọ́sítíìkì wọ inú omi, omi hó láìsí iná,
èéfín rẹ̀ ta mí lọ́nà ọ̀fun.
Mo ṣí fèrèsé, òtútù oṣù Èrèlé wọlé,
àwa mẹ́ta wá ń wo ara wa:
èmi, òtútù, àti ohun tó lè bó mi láwọ.
Ọṣẹ tó máa wẹ ni mọ́, ọṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń ṣe;
ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni í là wọ́n níjà.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò jinná,
ṣíbí la fi ń bù ú wẹ̀.
Òmíràn le koko kí n tó rò ó tán,
mo fi òòlù fọ́ ọ, abọ́ bá a lọ.
Èyí tí mo da oyin sí wú, ó kúrò nínú abọ́,
ó ń wọ́ bọ̀ sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì
bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ í sọ.
Mo gbá a. Mo nu ilẹ̀.
Ó kéré tán, ilẹ̀ mọ́.

Ìyá ìyá mi ní Ifẹ̀tẹ̀dó kò ní òṣùwọ̀n.
Á sun èèpo kòkó, á sẹ́ eérú,
á fi ìka tọ́ omi rẹ̀ wò, á tutọ́, á ní,
"Ó ku díẹ̀."
Díẹ̀ yẹn ni mo ti ń wá láti ọdún méjì
lórí òṣùwọ̀n oníbátìrì
tó ń ka gíráàmù bí ahun tí ń ka kọ́bọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Tranter, aládùúgbò wa, bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún,
sun ẹ̀ka igi ápù lẹ́yìnkùlé rẹ̀.
Ó gbé eérú wá nínú agolo bísíkíìtì:
"Mo gbọ́ pé o ń fi ìdọ̀tí wẹ ìdọ̀tí."
Omi òjò ni mo fi sẹ́ ẹ.
Omi ẹ̀rọ Luton, ẹfun ló kún inú rẹ̀,
ó ti kun inú kẹ́túlù wa ní funfun,
ọṣẹ kì í hó níbẹ̀ àfi tí a bá bẹ̀ ẹ́.
Òjò nìkan ni wọn ò tíì fi bíìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Àdín tí mo rà ní Bury Park, igo kékeré, owó ńlá;
òrí tí àǹtí mi fi sínú bàtà nígbà tó ń bọ̀ láti ilé.
Mo rò ó títí apá mi fi di ti ẹlòmíràn.
Ó pọ́n, ó dúdú díẹ̀, bíi tíì tí èèyàn gbàgbé.
Mo tò ó sórí pákó, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Akínbámi ní yàrá ń rùn bí ibi ìyáná.
Lọ́sẹ̀ kẹta, ó dákẹ́.
Lọ́sẹ̀ karùn-ún mo ká a mọ́ orí ìkúnlẹ̀,
kì í ṣe àdúrà ló ń gbà,
ó ń gbóòórùn rẹ̀.

Mo gé ẹyọ kan fún Ọ̀gbẹ́ni Tranter.
Ọjọ́ kejì ó kan ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi
bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ fọwọ́ kó tó jẹun.
"Ó ń hó," ló wí. "Kí lo fi sí i?"

Mo ṣí ìwé tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí,
gíráàmù lórí gíráàmù, ojú ewé lórí ojú ewé,
títí mo fi kan ọjọ́ yẹn.
Ohun tí mo kọ síbẹ̀, oorun lójú mi, òróró lọ́wọ́ mi:
*Eérú Tranter. Díẹ̀.*

Ó wò ó. Ó wò mí.
Ó ní igi ápù ṣì ku méjì.